Ààjà Inú Àgbá: Bí A Ṣe Ń Gba Eruku Lọ́wọ́ Afẹ́fẹ́

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ ní Kabba fún àwọn alẹ́rọ ìlọ-èlùbọ́ àti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo tún un kọ sílẹ̀ nítorí àwọn tí kò rí àyè wá.

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin alẹ́rọ tí ẹ ti ibi iṣẹ́ wá tààrà pẹ̀lú èlùbọ́ lára aṣọ, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú nítorí pé àga ò tó, mo kí yín o. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti Ìyàgbà wá, àwọn kan ti Ìjùmú àti Bùnú wá, mo sì gbọ́ ohùn Ọ̀wọ̀rọ̀ lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ kú ìrìn. Èdè tí a fi ń nájà ni mo fẹ́ fi sọ ọ̀rọ̀ yìí, torí pé iṣẹ́ tí mo ń ṣe kò ṣe àjèjì sí yín rárá.

Abọ́ méjì ni mo gbé síwájú yín yìí. Èlùbọ́ ló wà nínú méjèèjì. Ti ọwọ́ ọ̀tún, inú àpò ni mo ti bù ú, bí ẹni tó lọ̀ ọ́ ṣe fẹ́ gbé e lọ sọ́jà. Ti ọwọ́ òsì, ìgbálẹ̀ ni mo fi gbá a kúrò lára igi àjà ibi ìlọ̀ kan nínú ìlú yìí láàárọ̀ òní, ẹni tó ni ibẹ̀ sì yọ̀ǹda fún mi. Ẹ gbé wọn kiri. Kí oníkálukú fi ìka méjì mú díẹ̀ nínú ti ọ̀tún, kó fi ìka pa á, kó sì ṣe bákan náà sí ti òsì. Ti ọ̀tún ń ha ọwọ́ díẹ̀. Ti òsì kúnná bí àtíkè, ó ń wọ inú ìlà ọwọ́, kò sì fẹ́ gbọ̀n kúrò. Ẹ rántí bí ó ṣe rí lọ́wọ́ yín, torí a ó padà sórí rẹ̀. Ọdún 26 ni mo fi ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní àwọn ilé ìfọpo, ohun tí mo sì ń wá kiri níbẹ̀ lójoojúmọ́ kò ju ìyàtọ̀ tó wà láàárín abọ́ méjì yìí lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọyẹ́ tó ń fẹ́ lọ́wọ́ yìí. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí ẹnikẹ́ni ò rí orí òkè. Lára eruku tó bò ó, apá kan ti Bodélé wá, ní orílẹ̀-èdè Chad, ìrìn tó ju 1,000 kìlómítà lọ. Eruku yẹn, òkúta lúbúlúbú ni. Òkúta wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Kí ló wá dé tí kò já bọ́ lójú ọ̀nà?

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ George Gabriel Stokes ló fi ìṣirò dáhùn ìbéèrè yìí ní 1851. Ó ní afẹ́fẹ́ máa ń di ohun tó ń já bọ́ mú, bí omi ṣe ń di ẹsẹ̀ mú nínú odò. Bí hóró bá sì ṣe kéré tó ni ìdìmú yẹn ṣe ń borí ìwúwo rẹ̀ tó. Bí ẹ bá pín ìbú hóró kan sí 10, ìyára tó fi ń já bọ́ á pín sí 100. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí eré, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó já sí. Ẹ mú mìlímítà kan lórí rúlà, ẹ pín in sí ọ̀nà 1,000: ọ̀kan nínú rẹ̀ là ń pè ní máíkírọ̀n. Irun orí ènìyàn kan fẹ̀ tó nǹkan bíi 70 máíkírọ̀n. Ẹ jẹ́ ká mú hóró kan tó wúwo bí omi, tó fẹ̀ tó 100 máíkírọ̀n, ká jù ú sílẹ̀ láti ibi tí orí mi ga dé yìí. Ìṣẹ́jú-àáyá bíi 7 ló máa fi dé ilẹ̀. Èyí tó fẹ̀ tó 10 máíkírọ̀n á lo bíi ìṣẹ́jú 10. Èyí tó jẹ́ máíkírọ̀n kan péré, bí afẹ́fẹ́ bá tilẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, kò ní tíì dé ilẹ̀: nǹkan bíi wákàtí 13. Afẹ́fẹ́ kì í sì í dúró jẹ́ẹ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gba eruku lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ kò lè jókòó kó máa retí pé á já bọ́ fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wá ohun kan tí yóò fa hóró, tí kò sì ní fa afẹ́fẹ́. Àwọn ìyá wa ti mọ apá kan nínú rẹ̀ tipẹ́. Bí wọ́n bá gbé atẹ sókè lójú afẹ́fẹ́, tí wọ́n rọra ń da ọkà bàbà sílẹ̀, ìyàngbò á fò lọ, ọkà á já sí ẹsẹ̀ wọn. Nínú ilé iṣẹ́, wọ́n máa ń kọ́ yàrá gbàràmù kan sójú ọ̀nà gáàsì, ìyẹn afẹ́fẹ́ tàbí èéfín tó gbé eruku, kó lè rọra rìn níbẹ̀, kí hóró ńlá rí àyè já bọ́. Ìyẹn dára fún hóró tó bá ju 50 máíkírọ̀n lọ. Èyí tó bá kéré sí i, yàrá náà á ní láti tóbi bí ọjà ìlú, kò sì sẹ́ni tó máa kọ́ ọ.

Ohun tó yanjú ìṣòro yẹn ni ààjà.

Ẹ ti rí ààjà lójú pópó lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tó ń ká ewé, tó ń ká ọ̀rá, tó ń yí bírí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé a máa ń sá fún un, torí wọ́n ní ààjà lè gbé ènìyàn wọ inú igbó, kó pẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan, kó tó padà wálé pẹ̀lú ìmọ̀ ewé àti egbò. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn títí dòní. Nígbà tí mo wá dé ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ya àwòrán ẹ̀rọ tí àwọn òyìnbó ń pè ní sáíkílóònù sára pátákó, mo ní nínú ọkàn mi pé ààjà rèé, wọ́n kàn fi irin yí i ká ni. Orúkọ tí mo ń pè é láti ìgbà náà nìyẹn.

Ẹ̀yin alẹ́rọ, ẹ ní in. Àgbá irin roboto tó wà lókè ẹ̀rọ yín, tó tín-ín-rín lọ sísàlẹ̀ bí àrọ tí a fi ń rọ kẹrosíìnì, tí ẹ so àpò aṣọ mọ́ ní ìdí: ààjà ni. Ẹ wo bí wọ́n ṣe so páìpù mọ́ ọn. Páìpù tó ń gbé èlùbọ́ wá látinú ẹ̀rọ kò kojú àárín àgbá. Ẹ̀gbẹ́ ló gbà wọlé, kí afẹ́fẹ́ lè máa fi ara ògiri yípo. Afẹ́fẹ́ á yí lọ sísàlẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí, á ṣẹ́rí padà, á gba àárín gòkè, á sì bá páìpù tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí jáde. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́, ó lè yà lójijì. Hóró èlùbọ́ kò lè yà lójijì. Ẹ ti jókòó lẹ́yìn ọ̀kadà tó sáré wọ kọ́nà rí, ẹ mọ bí ara ṣe ń fà síta. Bẹ́ẹ̀ ni hóró ń fà sí ògiri, á kan ògiri, á yọ̀ lára rẹ̀ lọ sínú àpò.

Báwo ni ìfàsíta yẹn ṣe lágbára tó? Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ gbé bírò. Ìyára ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ fi ìdajì ìbú àgbá pín in. Bí afẹ́fẹ́ bá ń sá mítà 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú àgbá tí ìdajì ìbú rẹ̀ jẹ́ 0.2 mítà, 400 pín sí 0.2 jẹ́ 2,000. Ilẹ̀ tí a dúró lé lórí ń fà wá pẹ̀lú nǹkan bíi 10. Ìyẹn ni pé hóró èlùbọ́ inú àgbá kékeré yẹn ń wúwo sí ògiri ní ìlọ́po 200 bó ṣe wúwo sí ilẹ̀. Ẹ wá fi mítà kan ṣe ìdajì ìbú dípò 0.2: ìlọ́po 40 péré ló kù. Àgbá kékeré mú eruku ju àgbá ńlá lọ. Ìdí nìyí tí ilé iṣẹ́ tó ní gáàsì púpọ̀ fi máa ń to ààjà kéékèèké púpọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn dípò kí wọ́n rọ ọ̀kan gàgàrà.

Iṣẹ́ ìlọ̀ náà ni ẹ̀rọ yìí sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún ọdún 1878, ilé ìlọ àlìkámà Washburn A ní ìlú Minneapolis, ní Amẹ́ríkà, bú gbàmù. Eruku ìyẹ̀fun tó kún inú afẹ́fẹ́ ló gbaná. Ènìyàn 18 kú. Lẹ́yìn irú àjálù bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọlọ́lọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo ara wá ọ̀nà tí wọn yóò fi kó eruku nílẹ̀, nígbà tó sì di 1885, John M. Finch gba ìwé ẹ̀tọ́, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń dáàbò bo ohun tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, lórí ẹ̀rọ akóruku tó ń yí afẹ́fẹ́ bí ààjà. Ilé ìfọpo, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì àti gbogbo àwọn tó ń lò ó lónìí, ọwọ́ ọlọ́lọ̀ ni wọ́n ti gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi fúnra mi ṣe bá a pàdé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí mo ń pè ní Màmá, ló tọ́ mi dàgbà ní Ìyàrá. Ẹ̀rọ ìlọ-èlùbọ́ ló fi bọ́ wa, ló fi rán wa nílé ìwé. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin girama, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í da èlùbọ́ nù. Àpò ìsàlẹ̀ kì í kún mọ́. Òkè ni èlùbọ́ ń gbà tú jáde bí èéfín. Àjà funfun, ìpéǹpéjú Màmá funfun. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wọn iṣu gbígbẹ wọn kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀, wọ́n á tún wọn èlùbọ́ kí wọ́n tó gbé e lọ, ẹ̀tẹ́ gbáà sì ni ìyẹn fún obìnrin tí gbogbo ìlú mọ̀ sí olóòótọ́. Mẹkáníìkì tó ń bá a tún ẹ̀rọ ṣe ní agbára fáànù ló ti dín kù. Màmá kó owó àjọ tó fi ọdún kan àbọ̀ dá, ó ra ẹ́ńjìnnì tó tóbi jù ú lọ. Ọjọ́ tí wọ́n tan án, èlùbọ́ tó tú jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, mo wà lábẹ́ ẹ̀rọ náà, mò ń gbálẹ̀, mo sì rí i pé ìpẹtà ti lu ihò kan sára àgbá, ní bíi ìbú ọwọ́ kan sókè ibi tí a ti so àpò. Kò tóbi ju ojú owó kọ́bọ̀ lọ. Mo rò pé ibẹ̀ ni èlùbọ́ ti ń jáde. Mo sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ohunkóhun ò jáde níbẹ̀. Mo na fọ́nrán òwú kan síbẹ̀, ihò náà fa òwú náà wọlé. Afẹ́fẹ́ ìta ló ń gba ibẹ̀ wọlé, tó ń já sókè láàárín àgbá, tó sì ń gbé èlùbọ́ tó ti balẹ̀ padà lọ sí òkè. Mo gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, mo fi yí àgbá náà ká lẹ́ẹ̀mẹrin, mo dì í pinpin. Kí n tó nàró, àpò ti ń wú.

Ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá fi síbí ro tíì yípo nínú ife, etí á ga, àárín á jìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ inú ààjà: agbára rẹ̀ pọ̀ létí ògiri, ó kéré láàárín, àárín tó ṣófo yẹn sì ń na ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìdí. Bí ìdí ò bá dí pa, á mu afẹ́fẹ́ láti ìta bí ọmọ ṣe ń fa ọmú. Bí ẹ bá sì fi fáànù tó lágbára sí i, àárín náà á jìn sí i, á fà sí i. Ẹ́ńjìnnì tuntun tí Màmá fi owó àjọ rà ló ń dá kún ìṣòro náà. Ó máa ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Owó yẹn ò padà, ikọ́ tí eruku ọjọ́ wọ̀nyẹn dá sí i láyà náà ò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn níbikíbi tí mo bá dé pé orí ààjà ni àṣìṣe ti ń hàn, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wọ ilé ìfọpo. Nínú epo rọ̀bì, apá kan wúwo, ó ki, kò ṣe é fi sínú ọkọ̀. Láti sọ ọ́ di bẹntiróòlù, wọ́n máa ń gbé e pàdé hóró kan tí wọ́n ń pè ní kátálíìsì, èròjà tó ń mú kí epo tètè fọ́ sí wẹ́wẹ́. Hóró náà funfun, ìpíndọ́gba ìbú rẹ̀ jẹ́ bíi 70 máíkírọ̀n, bí irun orí kan náà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ó máa ń gbóná tó nǹkan bíi digíríì 700 kó tó pàdé epo. Epo á di gáàsì lójú ẹsẹ̀, á gbé hóró náà fò sókè nínú páìpù gíga kan dé inú ìkòkò ńlá kan, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan iṣẹ́ á ti parí. Ṣùgbọ́n èédú ti bo hóró náà báyìí, kò wúlò mọ́ àfi kí wọ́n gbé e lọ sínú ìkòkò kejì, kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ jó èédú náà kúrò lára rẹ̀, kó tún padà wá. Bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nìyẹn, tọ̀sán tòru. Ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1942 ni wọ́n kọ́kọ́ tan irú ẹ̀rọ yìí fún òwò, ní Baton Rouge ní Amẹ́ríkà. Wọ́n kọ́ irú rẹ̀ sí Warri, wọ́n kọ́ ọ sí Kaduna pẹ̀lú.

Ní ìkòkò méjèèjì, gáàsì àti hóró ti dàpọ̀ mọ́ra, wọ́n sì gbọ́dọ̀ pínyà. Ààjà ló ń pín wọn, inú ìkòkò fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń gbé ààjà kọ́ sí, nínú ooru yẹn. Ẹ bá mi ṣírò. Ẹ̀rọ tó tóbi lè máa yí 30 tọ́ọ̀nù hóró ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn bí ẹrù tírélà kan. Láàárín ọjọ́ kan, ó di 43,200 tọ́ọ̀nù. Bí ààjà bá gba 99 nínú 100, tí gbogbo wa ó pàtẹ́wọ́ fún un, 432 tọ́ọ̀nù ni yóò bá èéfín lọ lójúmọ́. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kan, kò ní sí hóró nínú ilé iṣẹ́ mọ́. Bó bá gba 99.99, tọ́ọ̀nù 4 lé díẹ̀ ló lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń so ààjà méjì tẹ̀lé ara wọn, kí èkejì kó ohun tí èkíní fi sílẹ̀.

Ìdí ààjà yìí wá ń kọ́? Kò sí àpò tí a lè so mọ́ ọn nínú iná digíríì 700. Páìpù gígùn ni wọ́n so mọ́ ọn, tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú òkìtì hóró nísàlẹ̀. Mo máa ń pè é ní ẹsẹ̀ ààjà. Agbára gáàsì inú ààjà kéré sí ti ìsàlẹ̀ tí ẹsẹ̀ náà balẹ̀ sí, nítorí náà gáàsì fẹ́ gba inú ẹsẹ̀ gòkè, gẹ́gẹ́ bó ṣe gba ihò àgbá Màmá wọlé. Ohun tó dá a dúró ni hóró fúnra rẹ̀. Wọ́n máa ń jẹ́ kó kún inú ẹsẹ̀ náà dé ìwọ̀n kan, bí omi ṣe ń ga nínú páìpù, títí ìwúwo rẹ̀ yóò fi tẹ gáàsì rì. Ohun tí a fẹ́ gbà lọ́wọ́ gáàsì náà la fi dí ọ̀nà mọ́ gáàsì. Mo ka ọgbọ́n yìí sí ọ̀kan lára èyí tó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ ẹ̀rọ. Nísàlẹ̀ ẹsẹ̀, ilẹ̀kùn irin pẹlẹbẹ kan wà tó ń fi ìwúwo ara rẹ̀ dé. Bí hóró bá pọ̀ tó, á ti í ṣí, á dà jáde, ilẹ̀kùn á tún dé.

Ilé ìfọpo kan wà, kì í ṣe ní Nàìjíríà, tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. A tún ẹ̀rọ ṣe tán, a tan án padà, èéfín funfun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lókè, hóró ń lọ. Gbogbo ọ̀gá kóra jọ. Èkíní ní hóró tuntun tí wọ́n rà ni kò dára, ó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Èkejì ní afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ wo hóró tó ń lọ náà. A gba díẹ̀ nínú rẹ̀, a wọn ìbú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń fọ́ ni, lúbúlúbú nìkan ni ìbá máa lọ, torí ààjà kì í jẹ́ kí hóró ńlá kọjá. Ṣùgbọ́n ńlá àti kékeré ló jọ ń lọ, bó ṣe wà nínú ìkòkò gẹ́lẹ́ ló ṣe wà nínú èéfín. Mo ní ẹsẹ̀ kan ni kò dí. A pa ẹ̀rọ, a wọ inú rẹ̀ nígbà tó tutù. Wọ́n máa ń fi sìmẹ́ǹtì tí iná kì í jẹ rẹ́ inú ààjà, kí hóró má bàa ha irin rẹ̀ tán. Ègé kan, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ti já bọ́ lára rẹ̀, ó sì ti há ilẹ̀kùn ẹsẹ̀ kan ní ṣíṣí. Mo fi ọwọ́ ara mi yọ ọ́. Màmá ni mo rántí níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí.

Ẹ wá padà sórí abọ́ méjì wa. Èyí tó wá láti igi àjà kúnná bí àtíkè, kò jọ tinú àpò. Ìyẹn ni pé ààjà ibi ìlọ̀ yẹn le koko, ìdí rẹ̀ dí, ohun tí ń kọjá lọ ni èyí tí apá ààjà ò ká. Ààjà tó dára máa ń mú èyí tó bá ju 10 máíkírọ̀n lọ dáadáa. Tó bá ti wálẹ̀ sí 5, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Bí ẹ bá wọn fáànù rẹ̀, bí ẹ bá wọn ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ẹ kò ní rí àléébù kan. Ohun tó kù ni kí a sẹ́ afẹ́fẹ́ náà kó tó jáde.

Kí n tó dé orí ìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba ọ̀nà Lokoja, ilé gogoro tí ẹ máa ń rí ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Obajana, ààjà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí wọ́n tò léra bí ìkòkò. Ní irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, òkúta ẹfun lílọ̀ ni wọ́n ń dà sílẹ̀ láti òkè, afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ojú iná ń gòkè bọ̀. Ní ipele kọ̀ọ̀kan, wọ́n á pàdé, afẹ́fẹ́ á fún òkúta ní ooru, ààjà á pín wọn níyà, òkúta á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ipele tó kàn. Ipele 4 sí 6 ni wọ́n sábà máa ń ní. Afẹ́fẹ́ tó wọlé nísàlẹ̀ ní nǹkan bíi digíríì 1,000 á jáde lókè ní nǹkan bíi 350, òkúta á sì ti gbóná kó tó dé ojú iná, níbi tí ooru rẹ̀ yóò ti tó 1,450. Eruku tó kù nínú afẹ́fẹ́ yẹn, ààjà ò lè mú un, asẹ́ tàbí iná mànàmáná ló kàn.

Ti asẹ́ rọrùn láti ṣàlàyé fún ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí. Aṣọ ni wọ́n rán bí àpò gígùn, afẹ́fẹ́ gba ara rẹ̀ kọjá, eruku dúró síta. Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu: aṣọ tuntun kì í sẹ́ dáadáa. Eruku tó kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ọn ló ń sẹ́ eruku tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nítorí náà, bí ẹ bá so àpò asẹ́ mọ́ orí ààjà yín, ẹ máa gbọ̀n ọ́n, kí ẹ má fọ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà. Nílé iṣẹ́, afẹ́fẹ́ tí wọ́n tì wọlé lójijì láti inú àpò ló ń gbọ̀n ọ́n. Ìṣòro rẹ̀ ni iná: àpò pọliẹ́sítà kì í lè fara da ju digíríì 150 lọ, ti gíláàsì á dé 260.

Ti iná mànàmáná, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Kalifọ́níà, Frederick Cottrell, ló sọ ọ́ di iṣẹ́. Ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ jáde ní 1908. Wọ́n á na wáyà sáàárín pátákó irin méjì, wọ́n á fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì sínú wáyà náà, nǹkan bíi 50,000, nígbà tí ti ilé wa jẹ́ bíi 230 lásán. Eruku tó bá kọjá á gba iná sára, pátákó á fà á mọ́ra, òòlù á máa lu pátákó kí eruku lè já bọ́. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin olóko káṣú àti ọsàn fetí sí ni èyí: ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan ní Riverside, ní Kalifọ́níà kan náà, torí pé eruku ibẹ̀ ń bo ewé ọsàn àwọn àgbẹ̀ àdúgbò, àwọn àgbẹ̀ náà ò sì dákẹ́. Igbe àwọn olóko wà lára ohun tó sọ ẹ̀rọ náà di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Lẹ́yìn náà, ní 1912, Cottrell fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n máa fi owó rẹ̀ ṣe ìwádìí sáyẹ́ǹsì. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yẹn gidigidi.

Ìdí tí mo fi dààmú ara mi lórí abọ́ òsì yìí ni àyà wa. Imú àti ọ̀fun ń dá hóró ńlá dúró. Èyí tí kò bá tó 2.5 máíkírọ̀n á kọjá, á dé ibi tí ẹ̀dọ̀fóró ti ń gba afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀, kò sì rọrùn láti wú u jáde. Ẹ fi aṣọ di imú, kò burú, ṣùgbọ́n àpò asẹ́ lórí ààjà ló sàn jù, torí ó ń dáàbò bo gbogbo ẹni tó wà nínú ilé, títí kan ọmọ tí ẹ pọ̀n. Ẹ gbá igi àjà nígbà tí ẹ̀rọ bá ti kú. Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe tan àbẹ́là tàbí sìgá nínú ibi ìlọ̀ tí eruku bò. Ẹ rántí ènìyàn 18 yẹn.

Nígbà tí mo ní kí wọ́n bi mí ní ìbéèrè, màmá kan dìde láti ọwọ́ ẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, láti ìgbà ìkórè iṣu ni ẹ̀rọ mi ti ń da èlùbọ́ nù. Wọ́n ní kí n pààrọ̀ fáànù. Mo ti kó owó rẹ̀ jọ." Mo bi wọ́n bóyá wọ́n mọ bí èyí tó ń dànù ṣe rí. Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n mú ọ̀rá kékeré kan jáde. Wọ́n ti gbá a wá láti orí àjà tiwọn, torí pé ẹni tó pè wọ́n wá ti sọ pé ọ̀rọ̀ eruku la fẹ́ sọ.

Mo tú ọ̀rá náà. Mo fi ìka méjì mú díẹ̀, mo pa á. Mo ní kí ọmọbìnrin tó jókòó níwájú mi náà mú díẹ̀.

"Báwo ló ṣe rí lọ́wọ́ ẹ?"

Ó pa á, ó tún na ọwọ́ sí abọ́ ọ̀tún, ó pa ìyẹn náà. Ó ní, "Ó ń ha ọwọ́. Bákan náà ni wọ́n rí."

"Màmá, ẹ fi owó yẹn pamọ́. Ìdí ni. Ẹ wá rọ́bà táyà, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."